Kí ẹ tó fún iná ojú ọ̀run lórúkọ

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, bí ilẹ̀ ṣe ṣú tán ládùúgbò wa ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, àwọn ọmọdé figbe ta. Àwọn ló kọ́kọ́ rí i. Iná funfun kéékèèké, wọ́n ju ogún lọ, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Wọ́n ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, wọ́n ń lọ sí ìhà ìlú Ìlárá ní ìlà oòrùn, wọn ò dún, wọn ò sì ṣẹ́jú. Ìyá kan tó ń yan gààrí fi igbá sílẹ̀ sínú agbada, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Ọlọ́kadà zémijàn kan dúró sáàárín títì, ó yọ fóònù rẹ̀ síta. Ẹnì kan ní dúróònù àwọn ṣọ́jà ni. Ẹnì kan ní bàálù tó fẹ́ já ni. Ìyá àgbà kan rọra sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àwọn ẹlẹ́yẹ ni. Kí iná náà tó kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìlà oòrùn, ó ti gba orúkọ mẹ́ta, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó wo agogo.

Orúkọ kẹta yẹn ló mú mi kọ àlàyé yìí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ń wo opó kan tó ń dá gbé lẹ́yìn ilé wa ní ìwòkuwò, nítorí pé lójú àwọn tó dúró nísàlẹ̀ òpópónà, orí òrùlé rẹ̀ ni iná náà gbà kọjá. Àwọn ọmọ tó máa ń ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ò wá mọ́. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Kétu. A mọ bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe àwọn ìyá wa, orin la fi ń tù wọ́n lójú lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀. Mi ò bá ìyẹn jà rárá. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí a gbé iná tí a ò wádìí lé ìyá arúgbó lórí. Àwọn tó dúró lókè òpópónà rí iná kan náà lórí mọ́sáláásì, kò sì sí ẹni tó tìtorí ẹ̀ fura sí mọ́sáláásì.

Sátẹ́láìtì ni wọ́n, àwọn ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lókè. Ilé iṣẹ́ SpaceX ti Amẹ́ríkà ló ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé wọn lọ sókè láti máa pín íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Starlink, tí àwa náà ti ń rí rà ní Benin níbí láti ọdún 2023. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé 60 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ará Netherlands sì rí wọn lójú ọ̀run kò pẹ́ sígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé ohun àjèjì ti wọ ayé. Ìdí tí wọ́n fi ń tò bẹ́ẹ̀ ni pé inú rọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ti jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dé nǹkan bí 500 kìlómítà, wọn á sì jìnnà síra wọn, débi pé ẹ ò ní mọ̀ mọ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ṣé wọ́n tan iná sára ni? Rárá o. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí lọ́jà nírọ̀lẹ́: oòrùn ti kúrò lórí àtẹ, ilẹ̀ ti ń tutù, ṣùgbọ́n téńté orí igi ìrókò ṣì ń dán. Ìrókò ga jù wá lọ, ó ń rí oòrùn tí àwa ò rí mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti sátẹ́láìtì. Nítorí pé ó wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sókè, oòrùn ṣì ń tàn sí i lára fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí òkùnkùn ti bo Kétu, ìmọ́lẹ̀ oòrùn yẹn la sì ń rí. Ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ni àkókò wọn nìyẹn. Bí ọ̀kan bá wọ inú òjìji ayé, á pòórá lójú wa láìjábọ́. Ìdí nìyẹn tí iná tiwa fi kú lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìlà oòrùn: ibẹ̀ ni òjìji ayé ti ń gòkè bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Fídíò ọlọ́kadà yẹn ló ràn wá lọ́wọ́. Àwòrán inú rẹ̀ ò dáa, òkùnkùn ló kún un, ṣùgbọ́n fóònù ti kọ àkókò sí i: agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ kejì a padà síbi tó dúró sí, ó sì fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí iná ti yọ àti ibi tó kú sí. Ìkànnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Heavens-Above, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ óò kọ Kétou sí i, ẹ óò mú ọjọ́, á sì sọ sátẹ́láìtì tó kọjá lórí ìlú, ìṣẹ́jú tó kọjá àti ọ̀nà tó gbà. Ìṣẹ́jú bára mu, ọ̀nà náà bára mu. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo mú un lọ bá baálé àdúgbò, òun ló sì pe àwọn òbí jọ. Àwọn ọmọ ti padà sídìí àkàrà.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń mú ìròyìn iná wá fún mi, mo sì ń kọ wọ́n sínú ìwé kan. Olùkọ́ ni mí, mi ò ní awò ńlá tí àwọn onímọ̀ fi ń wo ìràwọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ò béèrè rẹ̀. Ohun tó ń ba ìwádìí jẹ́ jù ni ìbéèrè tí gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń bi ẹlẹ́rìí: "Kí lo rí?" Bí ẹ bá bi í bẹ́ẹ̀, orúkọ ni yóò fún yín, bó bá sì ti dárúkọ tán, orúkọ yẹn ni ìrántí rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé. Ẹni tó ní dúróònù ni, á rántí pé òun gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ní ẹyẹ ni, á rántí ìyẹ́. Ìbéèrè tèmi ni pé: níbo lẹ dúró sí? Ẹ jẹ́ ká jọ lọ síbẹ̀. Ìhà wo lẹ kọjú sí? Orí kí ni iná náà wà, igi àbí òrùlé? Kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà yẹn? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí wúlò gan-an fún àkókò, nítorí ẹni tí kò wo agogo lè rántí pé ìrun ìṣáà ni òun ń bọ̀ láti lọ kí, tàbí pé ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò.

Bàbá kan tó ti oko dé lálẹ́ sọ fún mi pé iná tí òun rí tó abọ́ ìfọṣọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká bọ́ síta. Mo kó ẹyọ àgbàdo kan, ẹyọ ẹ̀wà kan, owó wẹ́wẹ́ àti ọsàn kan sórí àga, mo ní, "Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín tán, kí ẹ mú èyí tó lè bo iná yẹn mọ́lẹ̀." Wọ́n mú owó, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀wà, wọ́n di ojú kan, wọ́n na ọwọ́ síbi tí iná náà wà lóru ọjọ́ náà, wọ́n dúró pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀wà yìí gan-an ti tóbi jù."

Bàbá ò purọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Iná tó bá mọ́lẹ̀ gidi nínú òkùnkùn máa ń fẹ̀ lójú ènìyàn, ẹ̀rù á sì tún fi kún un. Òṣùpá fúnra rẹ̀, bó ti wù kó kún tó, ọmọńdinrín yín á bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá bí ẹ bá na ọwọ́ tán. Ẹ dán an wò nígbà tó bá tún yọ. Ọwọ́ yìí náà la fi ń wọn bí iná ṣe ga tó: ẹ na ọwọ́, ẹ di ìkúùkù, ẹ gbé e lé ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, ẹ máa to ìkúùkù kan lé òmíràn lórí. Láti ìsàlẹ̀ dé àtàrí, ó máa ń tó mẹ́sàn-án. Ọmọdé ni, àgbà ni, iye kan náà ló máa ń súnmọ́, nítorí ẹni tí ìkúùkù rẹ̀ kéré, apá rẹ̀ náà kúrú. "Ó wà lókè fíofío" ò wúlò fún mi. "Ìkúùkù mẹ́ta, lórí mọ́sáláásì" ni mo lè fi ṣiṣẹ́.

Bí iná ṣe jìnnà tó ńkọ́? Ojú nìkan ò lè mọ ìyẹn lóru. Ẹni tó ní iná náà wà lórí igi ọsàn ilé òun, ẹ̀yìn igi náà ni iná wà. Ó lè jẹ́ kìlómítà kan, ó lè jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ènìyàn méjì ló ń yanjú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Ìlárá. Bí mo bá rí iná tí kò yé mi, mo máa ń pè wọ́n lójú ẹsẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ síta, ìhà wo, ìkúùkù mélòó?" Bí iná náà bá wà láàárín èmi àti wọn, èmi á máa wò ó ní ìlà oòrùn, àwọn á máa wò ó ní ìwọ̀ oòrùn. Bó bá jẹ́ ti ọ̀run gidi, ìhà kan náà ni, ìkúùkù kan náà.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti mú wá bá mi, kò sí èyí tó ń tan ènìyàn jẹ tó àgùàlà. Àwọn baba wa mọ̀ pé ó ń rú ènìyàn lójú, àwọn ló ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Plánẹ́ẹ̀tì ni, òun àti ilé ayé wa jọ ń yí oòrùn po, Venus ni orúkọ rẹ̀ lédè Òyìnbó. Lẹ́yìn oòrùn àti òṣùpá, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tó máa ń wà lójú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ tó o. Nígbà tó bá sún mọ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó nípọn ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá kó tó dé ojú wa, nínú ọyẹ́ eruku tún wà níbẹ̀, á wá máa pọ́n, á máa ṣẹ́jú. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà lójú ọ̀nà á búra pé ó ń tẹ̀ lé òun: igi ń kọjá, ilé ń kọjá, iná ò kọjá. Ó jìnnà ju kí ìrìn wa yí ipò rẹ̀ padà lọ ni. Òṣùpá náà máa ń bá àwọn ọmọdé rìn bẹ́ẹ̀, àwa àgbà ò sì bẹ̀rù ìyẹn mọ́.

Ẹ̀tàn kejì tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò gbọ́ rí. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ iná kan ṣoṣo nínú òkùnkùn, tí kò sí ohun mìíràn nítòsí tí ojú lè fi dì í mú, iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú yín, á lọ sọ́tùn-ún, á lọ sósì, á dúró. Ní 1799, Alexander von Humboldt, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, rí ìràwọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì kà á sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run lóòótọ́. Ojú ènìyàn ló ń ṣe é. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀yìn orí ti ògiri, ẹ wá igun òrùlé kan tí iná náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìràwọ̀ àti plánẹ́ẹ̀tì máa ń sún tó ìkúùkù kan ààbọ̀ láàárín wákàtí kan, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí iná yín bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń wa á. Àgùàlà kì í sì í jìnnà sí oòrùn ju ìkúùkù márùn-ún lọ, kò lè wà ní àtàrí lọ́gànjọ́ òru láéláé. Iná ńlá tó bá dúró lókè ní agogo méjìlá òru, Júpítà, plánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ètò Stellarium lórí fóònù á sọ fún yín bóyá òun ni.

Ẹ má ṣe rò pé púrúǹtù nìkan ló ń kó sínú ẹ̀tàn yìí. Jimmy Carter, tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1973 pé òun àti àwọn ènìyàn bíi mélòó kan rí iná kan nílùú Leary ní Georgia. Nígbà tí olùwádìí kan, Robert Sheaffer, tọpasẹ̀ rẹ̀, ó ní Venus ni. Àwọn mìíràn ní ìkùukùu kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní báríọ́ọ̀mù, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì tú sókè, ni, ẹnu ò sì kò lórí rẹ̀. Ohun tó mú un le ni pé Carter kọ oṣù Kẹwàá 1969 sílẹ̀, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tó lọ bá ṣèpàdé lálẹ́ ọjọ́ náà sì fi hàn pé 6 oṣù Kìíní 1969 ni. Ọdún mẹ́rin ti kọjá kó tó kọ ọ́. Ojú ọ̀run oṣù Kìíní kọ́ ni ojú ọ̀run oṣù Kẹwàá. Ẹ̀yin ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó sùn.

Iye àkókò tí iná lò lójú ọ̀run máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan sí mẹ́ta, ìràwọ̀ tó já ni, ìyẹn òkúta kékeré láti òkè tó jóná ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sókè. Wọ́n máa ń pọ̀ ní àárín oṣù Kẹjọ àti àárín oṣù Kejìlá. Bó bá lọ́ra, tó fi ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá, tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, àfọ́kù sátẹ́láìtì tàbí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń padà bọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ rò. Ẹyọ iná kan tó ń lọ láìdún, láìṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú mẹ́rin márùn-ún lè jẹ́ ibùdó tí àwọn ènìyàn ń gbé lókè, tó wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà, tó sì ń yí ayé po ní bíi 90 ìṣẹ́jú. Bàálù ní iná pupa lápá òsì, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n èyí tó bá kọjú sí yín gan-an máa ń dà bí ẹni dúró sójú kan. Mànàmáná òjò tó jìnnà ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ, ẹ óò rí i, ẹ ò ní gbọ́ àrá. Tọ́ọ̀ṣì ọdẹ àti iná ìgbó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni tó bá gbé lágbègbè wa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ wọ́n.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa fídíò, nítorí òun ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ènìyàn jù báyìí. Ọmọ kíláàsì mi kan gbé ọ̀kan wá: ohun roboto kan, ó tẹ́ bí abọ́, etí rẹ̀ kan dà bí èyí tí wọ́n bù jẹ, ó ń fẹ̀, ó ń sún kì. Mo ní kó wá bá mi lálẹ́. Mo tan iná kékeré kan sí ìparí ọgbà, mo ní kó fà á súnmọ́ lórí fóònù rẹ̀ títí dé òpin. Lójú wa méjèèjì, iná kékeré yẹn di abọ́ tó ń fẹ̀, tó ń sún kì. Fóònù ń wá ohun tó máa dì mú nínú òkùnkùn, kò rí i, àwòrán sì ń tú fẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí fídíò yín wúlò, ẹ má fà á súnmọ́. Ẹ jẹ́ kí òrùlé tàbí igi wà nínú àwòrán pẹ̀lú iná, ẹ gbé fóònù ti ògiri, kí ẹ sì fi ẹnu sọ ibi tẹ́ ẹ wà sínú rẹ̀. Ẹ fi ojúlówó fídíò náà pa mọ́. Èyí tó ti gba orí WhatsApp kọjá kì í sábà ní àkókò tí wọ́n yà á nínú mọ́.

Àwọn ìjọba náà ti ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ti kó ìròyìn 12,618 jọ nígbà tí wọ́n pa ìwádìí wọn dé ní 1969, 701 nínú wọn ni wọn ò rí orúkọ fún. Ọdún 2023 ni ìgbìmọ̀ tí NASA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ojú ọ̀run ti Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ sọ pé àwọn ò rí ẹ̀rí kankan pé ohun tí wọ́n ń rí wá láti ayé mìíràn, àti pé àkọsílẹ̀ tó wà ò dára tó. Ṣùgbọ́n ti Faransé ni mo fẹ́ràn jù. Láti 1977 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ojú ọ̀run tiwọn ti ní ẹ̀ka kan ní Toulouse tó ń gba ìròyìn aráàlú, GEIPAN ni wọ́n ń pè é báyìí, àkọsílẹ̀ wọn sì wà níta fún ẹni tó bá gbọ́ Faransé, bí ọ̀pọ̀ wa níbí ṣe gbọ́ ọ. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín ìròyìn sí. A ni èyí tí wọ́n mọ̀ dájú, B ni èyí tó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ̀. C ni èyí tí àlàyé rẹ̀ ò tó láti ṣèwádìí. D ni èyí tí àlàyé rẹ̀ tó, tí wọ́n wádìí rẹ̀ dáadáa, tí kò sì yé wọn síbẹ̀. Àárín C àti D ni gbogbo ìjà wa ládùúgbò ti ń ṣẹlẹ̀. Iná tí ẹnì kan ṣoṣo rí, tí kò rántí ìhà tó wà, tí kò wo agogo, C ni. Kò tíì tó ohun tí a lè pè ní àdììtú, ká má tíì sọ pé a fi bá ẹnikẹ́ni wíjọ́.

Mo ti pín ìwé tèmi náà bẹ́ẹ̀. Kò sí D nínú rẹ̀. Àwọn C pọ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ tèmi fúnra mi. Níbi àìsùn òkú kan ni, agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdájí. Mo jáde síta láti na ẹsẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan, àwọ̀ rẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n, wà ní gúúsù, bí ìkúùkù méjì sókè. Ó dúró fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá, ó ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, ó lọ. Mi ò gbọ́ ohùn kankan, ṣùgbọ́n ìlù ń dún lẹ́yìn mi. Stellarium ò fi plánẹ́ẹ̀tì kankan hàn mí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlárá ń sùn. Mo bi gbogbo ẹni tó wà níbi àìsùn náà, kò sí ẹni tó gbójú sókè nígbà yẹn. Mo kọ C sí i.